Hóró Mẹ́ta Nígbà Sààrì

Mo rántí bí orúnkún bàbá mi ṣe máa ń dún kẹ̀kẹ̀ tó bá ń dìde lórí ẹní ìkírun, nílé wa ní Maitumbi. Bíríkìlà ni. Nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ọ́fíìsì káàkiri, ó já bọ́ láti òkè ilé kan, orúnkún ọ̀tún sì fọ́. Egungun jinná, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan oríkèé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ro ó, débi pé kò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́.

Èmi nígbà yẹn, ọdún méjì péré ni mo tíì lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìpoògùn, mo sì ti mọ gbogbo nǹkan tán. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ó ní, "Haba! Orúnkún ló ń dùn mí, kí ni oògùn ń wá dé ikùn?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ààwẹ̀ wá dé. Bàbá ní òun ò ní tìtorí oògùn ṣínu lọ́sàn-án. Ìyá mi ní ká padà lọ bi dókítà. Èmi ọ̀mọ̀wé ní kí la fẹ́ bi í? Mo ní kí Bàbá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì pọ̀ nígbà sààrì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kókó, ẹ̀kọ mímu lásán, ló máa ń mu kílẹ̀ tó mọ́. Ó gbọ́ tèmi. Orúnkún náà tilẹ̀ fúyẹ́, ó forí kanlẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún mi. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo rò pé àwọn ọ̀jẹun nìkan ni wọ́n ń bá wí.

Kí ààwẹ̀ tó pé ìdajì, ó bi ẹ̀jẹ̀ dúdú. Nílé ìwòsàn, dókítà fìbínú béèrè pé, "Ta ló ní kó gbé e mì pọ̀?" Ìyá wò mí, ó gbójú kúrò. Bàbá ló fi ohùn tín-ín-rín dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Èmi ni." Kò padà sílé mọ́.

Irun mi ti funfun báyìí. Oògùn tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe, inú oríkèé tó fara pa gan-an la ó máa fi abẹ́rẹ́ gún un sí, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní í dé ikùn rárá. Orúnkún ehoro la ṣì fi ń dán an wò. Wọ́n máa ń bi mí pé ta ló fọgbọ́n yìí sí mi lórí. Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Àmọ́ nígbà mìíràn tí mo bá di abẹ́rẹ́ mú, mo máa ń gbọ́ kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀rù á bà mí, n kì í wẹ̀yìn. Ohùn dókítà náà á tún béèrè.

Èmi ni, dókítà. Èmi ni mo ní kó gbé e mì pọ̀.