Káàdì Méjì Tí Mo Ní Wọ́n Dọ́gba

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ táípù kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní kóòdù, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìwé àlòkù mẹ́ta ni mo rà, mo sì ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́, ìlà kan lójúmọ́. Ọmọ mi obìnrin ní bí mo bá ń lọ báyìí, kọ̀ǹpútà á ti kúrò láyé kí n tó parí orí kejì. Mo parí rẹ̀, àṣeyọrí yẹn ló sì bà mí jẹ́.

Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn ló gbà mí: yàrá kan, tábìlì mẹ́ta, fèrèsé kan, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ kó tó pọ bébà jáde. Ọkùnrin kan tí a ń pè ní Onígíláàsì ló ń kọ kóòdù. Gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, ó sì máa ń wá méjèèjì. Tèmi ni kí n kọ àwọn ìdánwò kéékèèké tí yóò máa yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Bí ìdánwò bá yege, kọ̀ǹpútà á tan àwọ̀ ewé. Bó bá kùnà, á tan pupa.

Èyí àkọ́kọ́ rọrùn lójú mi. Kí ètò náà ṣe káàdì aláìsàn kan, kó tọ́jú rẹ̀, kó tún gbé e jáde, kí n wá béèrè pé: ṣé èyí tó wọlé dọ́gba pẹ̀lú èyí tó jáde? Orúkọ kan náà, ọjọ́ orí kan náà, àdírẹ́sì kan náà. Kọ̀ǹpútà ní rárá. Pupa. Mo bú u.

"Màmá, kò purọ́ fún yín," ni Onígíláàsì wí. "Ohun tí ẹ bi í ni pé ṣé káàdì kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ife méjì tó jọra kì í ṣe ife kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó wo inú wọn, ẹ kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọjọ́ orí, títí dé ìsàlẹ̀."

"Ohun mélòó ló wà lórí káàdì?"

"Mọ́kànlélógún."

"Nínú ìdánwò méjìléláàádọ́rin? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi nínú. Láyé táípù, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dà méjì dọ́gba, a óò fi ọ̀kan lé èkejì lórí, a óò gbé wọn sójú fèrèsé, a óò wo bí lẹ́tà ṣe bo lẹ́tà. Káàdì náà sì mọ bí a ṣe ń kọ ara ẹni jáde sójú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí méjèèjì kọ ara wọn jáde, kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan wé ti èkejì. Àwọ̀ ewé! Mo ṣe gbogbo ìdánwò yòókù bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà mi tutù bí oko lẹ́yìn òjò. Mo kọjá níwájú Onígíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta láìní ibi tí mò ń lọ.

"Màmá, báwo lẹ ṣe tètè parí?"

"Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gungi kò lè rí i."

Ọjọ́ kẹfà tí ilé ìwòsàn kan gba ètò náà láti fi dánra wò, nọ́ọ̀sì kan pe ọ̀gá wa. Ó ní òun kọ ọ́ sórí káàdì bàbá kan pé ara rẹ̀ kò gba oògùn kan. Nígbà tí òun tún ṣí i, ibẹ̀ ṣófo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣì ń lo káàdì bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí mo lè bí, dúró lé Onígíláàsì lórí. "Ìdánwò Màmá ò rí nǹkan kan. Ìwọ lo tún fọwọ́ kan kóòdù yẹn lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, ma."

"Ṣé Màmá ló wá purọ́ ni? Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí o ò sọ òótọ́, kó ẹrù ẹ."

Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo gbé ojú ìyá àgbà wọ̀, mo mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń káàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run dárí jì mí, ó wù mí kí n jẹ́ ẹni tí kì í ṣàṣìṣe fún wákàtí kan sí i.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ohun tí káàdì méjèèjì kọ sórí bébà, mo gbé wọn sójú fèrèsé. Lẹ́tà bo lẹ́tà. Mo tún wò ó. Ìlà mẹ́rin péré! Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà. Ìwọ̀nyí nìkan ni káàdì ń kọ jáde, kí ojú kọ̀ǹpútà má bàa kún jù. Oògùn tí ara kò gbà kò sí lórí èyí tó wọlé, kò sí lórí èyí tó jáde. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, èmi sì ti búra fáyé pé kò sí èyí tínú ń run. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kóòdù Onígíláàsì kò ti tọ́jú ìlà oògùn. Ìdánwò mi ì bá ti mú un lọ́jọ́ kìíní, ká ní mo ka káàdì dé ìsàlẹ̀.

Onígíláàsì ti ń wé wáyà rẹ̀. Tábìlì ọ̀gá kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, síbẹ̀ mo sinmi lọ́nà.

"Ọ̀gá, kò tún fọwọ́ kàn án. Ó gbàgbé ni, bí èèyàn ṣe ń gbàgbé. Èmi tí wọ́n ní kí n mú un ni mi ò wò ó."

"Ìdánwò méjìléláàádọ́rin ńkọ́, Màmá?"

"Ohun mẹ́rin péré ni wọ́n ń wò."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, ma. Mi ò yọ ọ̀kankan sílẹ̀."

Ó bẹ Onígíláàsì kó tú ẹrù rẹ̀, kó má bínú. Ó ní kí èmi jókòó tì í, kí n ka ohun mọ́kànlélógún náà sínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Èyí àkọ́kọ́ tí mo tún kọ di pupa lójú ẹsẹ̀, ó sì tọ́ka sí oògùn náà gan-an. Ìlà kan ni Onígíláàsì fi tún un ṣe.

"Ìyá orí ìjókòó," ló wí, "kí lẹ tún rí?"

Mo gba yẹ̀yẹ́ náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní èmi náà ni n ó pe nọ́ọ̀sì yẹn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó yẹ káàdì yín wò kó tó dọ́dọ̀ yín ni, ma."

"Ẹnìkan yẹ̀ ẹ́ wò?" Ẹ̀rín pa á. "Ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ tún un sọ kí nọ́ọ̀sì ẹnì kejì mi gbọ́."

Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, kó lè yé àwọn méjèèjì.