Bàbá Kò-Tíì-Tó àti Irinwó Àga

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Kò-Tíì-Tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ṣì ń sọ ní ilé-iṣẹ́ náà dòní. Àga oníke ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá, tó ti dolóògbé báyìí, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ọ̀gá, obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà, kò lè ròyìn ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì kí ẹ̀rín má pa á.

Ọkùnrin kan ló gbé ẹ̀rọ tuntun wá tà. Ó fi ṣe àga mẹ́wàá, ẹyọ kan ló ṣẹ́. Wọ́n mú mẹ́wàá nínú ti ẹ̀rọ àtijọ́, méjì ló ṣẹ́.

"Ẹ ò rí i!" Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. "Ó ti dín in sí ìdajì! Ẹ ta ògbólógbòó yẹn, kí àwọn obìnrin méje tó ń lò ó sì máa lọ sílé."

Ọ̀gá ti ṣí bírò láti buwọ́ lùwé nígbà tí Bàbá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kò tíì tó."

"Kí ni kò tíì tó, Bàbá?"

"Àga ni. Ẹyọ kan péré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ó sì lè jẹ́ ṣèèṣì. Ẹ fún mi ní igba níbí, kí ẹ fún mi ní igba lọ́hùn-ún."

Bí wọ́n ṣe ń dán àga wò ni pé èèyàn á jókòó lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbì, gbì, gbì. Ọ̀gá ní kí wọ́n wá ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò ní fara pa. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Èèyàn ńlá ni, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá. Ó ní ẹni tó bá fúyẹ́ kò dán àga wò, ó ń bá a ṣeré ni. Nígbàkigbà tí àga bá ṣẹ́, á na ìka sókè láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀: "Ti àtijọ́ ni! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé mi!"

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, méjìdínlógún ló ṣẹ́ nínú ti àtijọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ti tuntun.

"Mo sọ fún yín!" ni ọlọ́jà wí. "Tiwa ṣì dín."

Bàbá mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé ìwé pélébé irinwó, ó fàlà sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lára wọn, iye àga tó ṣẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó mì ín dáadáa. Ó ní kí Ọ̀gá ka igba sápá ọ̀tún, kí ìyókù wà lápá òsì, kí wọ́n wo iye èyí tó ní àlà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ogún ìgbà ni wọ́n ṣe é. Nínú ogún yẹn, ìgbà mẹ́rìnlá ni apá kan fi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju èkejì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i? Báàgì lásán ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe. Ṣé ẹ fẹ́ ra báàgì náà ni?"

Bí ọlọ́jà ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ nìyẹn, tí àwọn obìnrin méje sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nílé Bàbá náà, kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ní ọṣẹ tuntun tí òun rà mọ́ aṣọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Aṣọ mélòó lo ti fi fọ̀?"

"Méjì."

"Kò tíì tó."

Ìyàwó gbé abọ́ ìfọṣọ kalẹ̀. "Ọkọ mélòó ni mo fẹ́ kí n tó máa sọ pé ẹ dáa? Ẹyọ kan ṣoṣo! Ṣé kí n lọ wá igba sí i ni?"

Bàbá mú ọṣẹ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ọṣẹ yìí mà dáa o."

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn dé. Ọkàn Ọ̀gá kò balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó mọ̀ pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló lo ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn fún ọdún méjìlélógún, kí orúnkún tó dà á láàmú. Ta ni kò ní gbè sẹ́yìn tirẹ̀? Bàbá tún jókòó lé irinwó àga. Mọ́kàndínlógún ṣẹ́ nínú ti àtijọ́, mẹ́rin péré nínú ti tuntun. Ó gé ìwé, ó mi báàgì lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Báàgì kò ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ṣèèṣì, Ọ̀gá. Ẹ rà á."

"Àwọn obìnrin méje yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ la dán wò, a ò dán àwọn wò. Ẹ fi wọ́n sídìí tuntun."

Ọ̀gá gbọ́ tirẹ̀. Kò pé oṣù kan tí gbogbo wọn fi mọ̀ ọ́n lò. Kò sì pé ọdún kan tí Bàbá fi sùn tí kò jí mọ́.

Tí ìtàn bá dé ibí, Ọ̀gá kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ó máa ń rántí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ àtijọ́ lọ. Ó bá Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà.

"Bàbá, àwọn tó fẹ́ tú u palẹ̀ lẹ ń nù ún dè?"

"Ó ti ṣiṣẹ́, Ọ̀gá," ló sọ, kò gbójú sókè.

Ọ̀gá wo ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó wo Bàbá. Ó mú àkísà kan lórí tábìlì, ó kúnlẹ̀ sí apá kejì, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.