Eyín Góòlù Tí Kò Sí Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Kàmọ́rù, ọmọ àbúrò mi, ti Mẹ́kà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé sí mi ní Fìdítì kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó na fóònù sí mi kí n wo fọ́tò tó yà níwájú Káábà. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Àárín ìfura ni mo dàgbà sí.

Mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ sí Mẹ́kà. Ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ló tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Láyé ìgbà náà, eyín góòlù ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan lẹ́nu, àwọn Àlàájì mìíràn sì máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó sì ń kí wa, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo agboolé ń wò. Eyín funfun ló wà níbẹ̀, àti àlàfo kan tó ti wà kó tó lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. "Mẹ́kà wo? Èkó ló lọ jókòó sí." Wọ́n ní ta ni kò lè ra irú èso dàbínù tó kó bọ̀ lọ́jà Ọ̀yọ́? Lójú rẹ̀ wọ́n ń pè é ní Àlàájà, bó bá ti yíjú, wọ́n á yínmú. Níbi àdúrà àsàlátù, wọn kò fún un láyè lórí ẹní àwọn Àlàájà. Ó rọra lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwa ọmọdé. Ojú tì mí débi pé mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi náà fura. Mo ṣí àpótí rẹ̀ nígbà tó lọ sóko. Mo rí aṣọ funfun, tẹ̀súbáà, àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ní ó ṣẹ́kù nínú èyí táwọn fi sọ èṣù lókò. Mo fi wé òkúta ẹ̀yìnkùlé wa, n kò rí ìyàtọ̀. Mo wá bi í bóyá ó dé Mẹ́kà lóòótọ́.

"Ṣé ẹnu ni mo fi lọ ni?" Ó ní ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ́un fi ń lọ, wọ́n á la ilẹ̀ Haúsá àti aṣálẹ̀ kọjá fún ọdún mélòó kan, ẹlòmíràn á kú sọ́nà. Ta ló yẹ eyín wọn wò? Ó tún sọ ti Hájárà, tó sáré lẹ́ẹ̀méje láàárín òkè méjì, tó ń wá omi fún ọmọ rẹ̀, tí Ọlọ́run fi fún un ní omi Sámúsámù. Ó ní eré tí ìyá yẹn sá ni àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ń sá títí dòní. Mo ní nínú mi pé nílé-kéwú náà a ti gbọ́ ìyẹn.

Nígbà Iléyá ọdún kejì, ìyá arúgbó kan láti Awẹ́ wọ agboolé wa, ọmọ rẹ̀ dì í mú. Eyín góòlù ń dán lẹ́nu rẹ̀. "Níbo ni ìyá tó bá mi wá omi wà?" Ó ní òun ṣìnà ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà, oòrùn mú òun títí òun fi ṣubú lulẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú omi títí wọ́n fi rí àwọn ẹgbẹ́ òun. "Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ fi eyín góòlù sẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá náà wà."

Inú bí Ìyá Àgbà. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ròyìn rẹ̀?"

Àwọn obìnrin àsàlátù tẹ́ ẹní fún un ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa ló tún jókòó sí. Títí ó fi kú, n kò bẹ̀ ẹ́, ó sì ń dùn mí di òní.

Eyín góòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀, fọ́tò ló kù. Mo dá fóònù padà fún Kàmọ́rù, mo bi í pé, "Ta lo bá wá omi níbẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn láàárín àwọn fọ́tò rẹ̀.