Ọbẹ̀ Iyẹ̀pẹ̀

Àwọn tó ń sọ pé ọmọdé ò mọ nǹkan, wọn ò tíì jókòó ti ọmọdé tó ń ṣeré rí. Èmi jókòó tì wọ́n, mo sì jèrè rẹ̀.

Láyé òyìnbó ni wọ́n gbé mi níyàwó láti Kuta wá sí Ìwó. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní tirẹ̀ tó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ìyá ọkọ wa máa ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ sórí àjà ilé ìdáná, ẹran náà sì ń dín. Ìyálé mi ní èmi ni. Ó ní ará Kuta kì í rí ẹran kó mójú kúrò. Obìnrin burúkú! Ìyàwó kékeré kì í já ìyálé nírọ́, kí n kúnlẹ̀ kí n máa sunkún ni mo lè ṣe. Ìyá ọkọ wa wá búra pé bí ẹran bá tún dín, Kuta ni mò ń padà sí, ọmọ yóò sì dúró sílé bàbá rẹ̀. Mo di ìyálé mi sínú.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ méjèèjì ń fi ìkarahun ìgbín se ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọmọ ìyálé mi gun orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó já ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi etí aṣọ nu ètè, ó wá kígbe pé, "Ìyàwó Kuta ti jẹ ẹran o!" Kíá ni tèmi kúnlẹ̀ tó bú sẹ́kún, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Inú mi dùn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyálé mi ń dirun fún ìyá ọkọ wa lójúde. Mo gbá iwájú wọn mọ́, mo bu iyẹ̀pẹ̀ tútù síbẹ̀, mo yí odó wá, mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá sebẹ̀ níbí."

Wọ́n sè é. Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú eré àná.

"Ta lo rí tó ń ṣe báyìí?" Ìyá ọkọ wa ló bi ọmọ ìyálé mi bẹ́ẹ̀.

"Ìyá mi ni." Ó sì tún gun odó, kó lè fi hàn wọ́n dáadáa.

Ìyálé mi fẹ́ fọ́ ọ létí, ìyá ọkọ wa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ fún mi.

Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, wàràwàrà ni ọmọdé gbọ́dọ̀ wí pé, "Ẹ dìde, ẹ dìde." Mo mọ̀. Mo fa ọmọ mi mọ́ra, mo nu ikun imú rẹ̀, mo tún ìró mi ró. Orúnkún ìyálé mi wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá ọkọ wa ló pàpà ní kó dìde, kì í ṣe èmi.

Láti ọjọ́ náà ni eré àwọn ọmọ ti yí padà. Ọmọ ìyálé mi ni yóò kúnlẹ̀, tèmi yóò sì dúró tì í, kò ní fọhùn. Bí orúnkún bá ń dun ọmọ náà, á máa wojú mi, pé kí n bá òun bẹ ọmọ mi. Èmi a sì máa ṣa ẹ̀wà mi lọ.