Omi Àlejò Bàbá Ràímì

Ẹ̀yìn ríro ló gbé Bàbá Ràímì wá sọ́dọ̀ èmi nọ́ọ̀sì ní sántà, bí a ṣe ń pe ilé ìwòsàn kékeré wa ní Manigri. Ọ̀sán gangan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oje kajú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àgbà ọkùnrin wa ni ẹ̀yìn ń ro, ebè iṣu ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èmi náà ti ń nawọ́ sí oògùn ìrora.

Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ gbé omi fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kí ó tó mumi. Bàbá fi ètè kan omi náà, ó gbé e kalẹ̀. Nínú oòrùn yẹn! Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́: àgbàlagbà tó bá ń sá fún omi, ìtọ̀ ló sábà máa ń sá fún.

Àbúrò bàbá àgbà mi ni, ìyàwó ló sì máa ń pè mí láti kékeré. Àwàdà yẹn ló gbà mí lọ́jọ́ náà, nítorí àgbàlagbà ọkùnrin kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìtọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ò fẹ́ mu omi ìyàwó yín? Àbí ẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí mo bá mu ún, mi ò ní lè jókòó pẹ́. Bí mo bá sì dìde, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán. Ṣebí ọjọ́ orí ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Gbogbo àwa ọkùnrin la mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní pọrọsitáàtì. Ó lè kàn wú lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń dàgbà láìpariwo. Àfi kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní àsìkò kajú nìyí, òun ò ráyè. Mo ní bí kò bá lọ, èmi yóò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo Manigri. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ fi alùpùpù gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Bassila, wọ́n sì ti ibẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù.

Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá. Dókítà ní ti ẹ̀yìn yẹn, ebè iṣu ni, Bàbá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun jàre níbẹ̀.

Nígbà tí kajú tún so, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dé sántà, ọ̀kan wá láti abúlé Doguè. Mo bu omi fún wọn. Àwọn méjèèjì fi ètè kàn án, wọ́n gbé e kalẹ̀. Bàbá Ràímì wò wọ́n, ó gbé ife tirẹ̀, ó mu ún tán, ó sì dojú ife náà dé.

"Ìyàwó mi," ó ní, "bù sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ."