Yàrá Tí Mo Fi Páálí Kọ́

Màámá, àgbàlagbà kan nínú ilé wa, gbé yàrá wa sókè dé ojú wọn, wọ́n di ojú kan, wọ́n sì fi èkejì yọjú wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Páálí ni yàrá ọ̀hún, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀dì bàbá mi wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, maṣíìnì tí ìyá mi fi ń ránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹní àwa ọmọ mẹ́rin sì wà nílẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Sítáàṣì tí mo fi lẹ ògiri kò tíì gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ibo wá ni ìyá rẹ máa ń sùn?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú ìbéèrè tí ìyá mi rán mi wá gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé lápá Ọgbà, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Màámá ló ń gbé yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páálí ní Ìkẹjà, àwọn tó ṣì kù níbẹ̀ sì máa ń kó àjákù páálí wá fún wọn. Ará Èkìtì ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń wá kí wọn. Àgádágodo méjì ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn wọn, wọn kì í sì í jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Nínú ilé bíi tiwa, ìyẹn nìkan ti tó kí wọ́n fi máa fura sí èèyàn.

Àárọ̀ Sátidé ni Màámá máa ń kó àwa ọmọ ilé jọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì tó wà ní òdìkejì á máa dún, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ wá láti Oko Ọba tí wọ́n ti ń pa màlúù, òórùn awọ màlúù tí wọ́n ń sun á bo gbogbo wa. Wọ́n á ní ká wá ṣeré ilé. Eré náà le díẹ̀. A ó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ wọn yàrá wa láti ògiri dé ògiri, gìgísẹ̀ á máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, a ó wá padà wá sọ iye rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ìbú ìka kan lórí páálí. Ẹni tó bá purọ́, ògiri rẹ̀ ò ní pàdé. Tó bá dúró tán, a ó gbé e sínú oòrùn ká lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà la ó fi búlúù ìfọṣọ, èédú àti erùpẹ̀ pupa kùn ún. Mo fẹ́ràn búlúù yẹn gan-an.

Oṣù tí mo kọ́ yàrá yẹn ni olè wọ ilé kan ní àdúgbò kejì. Wọn ò tú ẹrù rárá, ibi tí wúrà wà ni wọ́n lọ tààrà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ilé wa ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí táǹkì omi. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi inú yàrá oníyàrá ṣe, bí kì í bá ṣe pé ó ń júwe ilé fún olè? Ìyá mi ló gbóná jù. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfi kí lánlọ́ọ̀dù lé Màámá jáde. Wọ́n ní kí n máa lọ síbẹ̀, kí n la etí, kí n sì máa wá sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá bi mí. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti dàgbà.

Bí mo ṣe sọ ìbéèrè yẹn fún ìyá mi, wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ń pariwo rẹ̀ lọ ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn ilé. Mo tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Màámá. Kí lẹ fẹ́ fi ibi tí mò ń sùn ṣe?"

Màámá gbé yàrá páálí náà lé wọn lọ́wọ́. "Ọmọ yín ló kọ́ ọ. Mo rí ibi tí bàbá ń sùn, mo rí tàwọn ọmọ. Mi ò rí tiyín. Mo rò pé ó gbàgbé ni."

Mi ò gbàgbé. Mi ò mọ̀ ni. Bí ìyá mi bá ránṣọ tán, ibi tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n á sì ti jí kí àwa tó lajú. Wọ́n wo páálí yẹn, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n ní "ẹ ṣé, mà," wọ́n sì padà sí yàrá wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti maṣíìnì sí igun kejì, wọ́n sì tẹ́ fóòmù kékeré kan sí ìdí fèrèsé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti gbọ́ ariwo wọn. Níbi ìpàdé ilé, lánlọ́ọ̀dù pè mí síta lójú gbogbo ayálégbé.

"Ṣé màámá yìí bi ọ́ pé ibo ni ìyá rẹ ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Mo wo ìyá mi, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó pẹ́ kó tó yé mi: kí ìyá mi tó lè gba Màámá sílẹ̀, wọ́n máa ní láti sọ lójú gbogbo ilé pé àwọn ò ní ibi tí àwọn ń sùn tẹ́lẹ̀. Èmi lè sọ ọ́. Mo panu mọ́. Màámá náà ò gbèjà ara wọn, wọ́n kàn dìde, wọ́n wọlé lọ. Kí oṣù tó parí, lánlọ́ọ̀dù lé wọn, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú kẹ̀kẹ́ kan. Àwọn ìyá fi àwọn yàrá páálí wa dáná.

Títí dòní, a ò mọ ẹni tó júwe wúrà fún àwọn olè yẹn. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe báyìí, ní ọ́fíìsì kan ní Opebi, ọwọ́ Màámá ni mo sì ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ìfura náà ò kúrò lára mi. Ẹni tí mò ń fura sí jù ni èmi fúnra mi, pàápàá nígbà tí mo bá fèsì ní ṣókí, tí ohun tí mo sọ sì jẹ́ òótọ́, bíi ti ọjọ́ ìpàdé yẹn.