Ààtàn Tí Màmá Tísà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sun

"Bó o bá ṣáná sí i, ìwọ fúnra rẹ lo máa bomi pa á!"

Màmá Tísà, aládùúgbò wa, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wolé-wolé láàárọ̀ Sátidé gbálẹ̀-gbálẹ̀ kan ní Ìjerò, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ààtàn wa, ó fi ọkọ́ dábùú itan. Agolo kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ wolé-wolé, òórùn rẹ̀ sì ti bo ti èèpo kòkó àti ìgbẹ́ adìyẹ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Màmá Tísà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tó padà wálé, àgbàrá ti gbá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa lọ. Iṣu tí à ń wà níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó wá ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan máa kó pàǹtí rẹ̀ jọ síbì kan kó lè jẹrà, ká jọ máa bù ú sílẹ̀ wa. Ìyá mi fárígá. Ta ni kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ló ni èèpo iṣu?

Ó bi Màmá Tísà pé, "Mọ̀mí, kí lewúrẹ́ mi á wá jẹ?"

"Gbé e fún un o. Bí ulẹ̀ bá kú tán, a ó jọ máa jẹ ewúrẹ́ láìsí iyán."

Wolé-wolé kò ṣáná láàárọ̀ Sátidé náà. Ó pe màmá lẹ́jọ́ pé ó ń kó ìdọ̀tí jọ. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì ní kóòtù, kọ́rọ̀ tán. Màmá fàáké kọ́rí, ó ní òun ò ṣẹ̀. Ni wọ́n bá ní kó gbá ọgbà kóòtù. Àgbàlagbà tó kọ́ ìdajì ìlú níwèé! Inú bí mi débi pé mo sunkún. Màmá gbá a ṣáá, ó kó gbogbo ewé máńgòrò ibẹ̀ sínú abọ́, ó rù ú gba àárín ọjà wálé, ó dà á sórí ààtàn.

"Kóòtù náà ti mú tiwọn wá."

Ìyá mi wo ewúrẹ́ rẹ̀, ó wo màmá, ó sì lọ gbé èèpo iṣu. Kò pẹ́ tí gbogbo ojúlé fi ń gbé tiwọn wá lọ́sàn-án gangan. Wolé-wolé tún dé, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú nínú wa?

Èmi náà ti dúró níwájú àwọn ọ̀gá nítorí ohun tó tọ́. Wọ́n á ní kí n ṣáà bẹ̀bẹ̀, kọ́rọ̀ tán. N kì í bẹ̀. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ yín wá.